Alága tó lé láfún kúrò ní Òkè-Ìlewó

Ẹni tó ti jẹun yó ni kó jókòó ti ìtàn yìí, nítorí ẹni tí ebi ń pa yóò kàn máa gbé itọ́ mì ni, kò ní ráyè rẹ́rìn-ín. Ìtàn Alága Jedidiah Ṣóbándé ni, ọmọ bíbí Kẹ́mta, ọkùnrin tó fi ẹnu gun òkè, tó sì tún fi ẹnu kan náà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ kò lè dé Abẹ́òkúta lóde òní kí ẹ má gbọ́ pé Òkè-Ìlewó ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń jẹun. Nígbà kan rí, bánkì àti ọ́fíìsì ló kún ibẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, ó lọ gbowó tàbí ó lọ wáṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ ti gba àdúgbò náà kan. Eléyìí tan iná aláwọ̀ àlùkò sára ògiri, tọ̀hún gbé òdòdó oníke kọ́ kí àwọn ọmọge lè rí ibi ya fọ́tò kí oúnjẹ tó dé. Àwọn aláṣẹ wò ó, wọ́n ní ohun rere ni, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò máa sọ fún àlejò pé ibí ni kí ẹ ti jẹun, ọ̀hún ni kí ẹ má ya. Wọ́n wá alága títí, Jedidiah ni wọ́n rí. Bí ojú wọn ṣe rí i, Ọlọ́run nìkan ló yé.

Ohun tó gbé Jedidiah débẹ̀ ni pé ó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù rí. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti dé, kò sì tíì padà dé tán. Bí òjò bá ṣú ní Abẹ́òkúta, á ní bí ojú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń rí nìyẹn. Inú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ni fọ́ọ̀kì fàdákà kan máa ń wà, nínú akọ̀ awọ, bí idà ọ̀gágun. Ó ní kí wọ́n pa àdìrẹ ní Ìtòkú, kí wọ́n ya fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ sí i lára, kí wọ́n fi rán táì fún gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀. Àwọn aláró tó pa àdìrẹ náà béèrè pé ṣé ti ìsìnkú alásè ni. Wọ́n ní rárá, ti ìjọba ni.

Ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ alága, ó dìde, ó fi fọ́ọ̀kì kan ife omi, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ẹ̀gbá, ẹ̀yin ẹlẹ́nu iyì," ó ní, "láti òní lọ, a ti dágbére fún jíjẹ. Títọ́wò la ó máa tọ́ wò. Oúnjẹ kì í ṣe ohun tí à ń jẹ yó mọ́. Oúnjẹ ti di èrò ọkàn. Ìkòkò ń kọ́? Ìkòkò ti di ìwé. Àwa ìgbìmọ̀ yìí la sì máa kà á fún yín."

Abdulbaqi, igbákejì rẹ̀, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin yìí gbọ́n. Ó ti ṣe igbákejì fún alága oríṣiríṣi, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ igbákejì kò ju kí ọwọ́ ẹni tètè kanra. Òun ló dá àṣà kan sílẹ̀: bí Alága bá ti bu oúnjẹ sẹ́nu, tó di ojú, tó jẹ ẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, tó wá mi orí, Abdulbaqi á ké pé, "Ó wọlé!" Àwọn ìgbìmọ̀ yòókù á sì dáhùn pé, "Ó wọlé, ó jókòó!" Lẹ́yìn náà ni Alága á ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, oúnjẹ á sì kù síbẹ̀ rẹpẹtẹ, nítorí ó ní ẹni ńlá kì í jẹun tán.

Bí ìgbìmọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin nìyẹn. Wọ́n ní ẹran tó bá ti tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ẹran ọdẹ ni, kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì. Wọ́n ní ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ kún àwo. Kí wọ́n máa kán an sí i ni, bí ìgbà tí wọ́n ń kán oògùn sójú. Wọ́n ní agbáwo kò gbọdọ̀ bi oníbàárà pé ṣé ó yó, kó béèrè pé, "Ṣé ọkàn yín balẹ̀?" Ilé oúnjẹ kan ṣubú nínú ìdánwò nítorí pé àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sókè. Òmíràn ṣubú nítorí pé àga ibẹ̀ rọ̀ jù, Alága sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn.

Gbogbo ìyẹn ì bá ṣì ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, lórí rédíò, Alága fi fọ́ọ̀kì kan ife, ó ní, "Láfún. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Láfún ń rùn. Àlejò tó bá gbóòórùn rẹ̀ lójú títì kò ní padà wá mọ́. Nítorí náà, bí oṣù yìí bá ti parí, kò gbọdọ̀ sí láfún ní Òkè-Ìlewó. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó kó o lọ sí ẹ̀yìn odi."

Ọmọ Ẹ̀gbá ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Ìjẹ̀bú tó ń fi láfún ṣe Ẹ̀gbá ní yẹ̀yẹ́ látijọ́ láyé kò tíì sọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bà jù ni Sìlífátù, ìyá Haleemah. Ojú títì gan-an ni ilé oúnjẹ rẹ̀ wà, láfún àti ilá alásèpọ̀ ló sì fi gbajúmọ̀. Lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ bánkì á ju táì sẹ́yìn ọrùn, wọ́n á ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ títí àwo á fi mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ibẹ̀ ló ti ń rí owó tí Haleemah fi ń lọ sí yunifásítì. Ó sì mọ̀ dájú pé bí òun bá fi lè kúrò lójú títì, kò sí òṣìṣẹ́ bánkì tí yóò wá òun lọ sí ẹ̀yìn odi lójú oòrùn ọ̀sán.

Kẹ́mta ni wọ́n ti tọ́ Sìlífátù náà dàgbà, agbo ilé ọkọ rẹ̀ àti ti àwọn Jedidiah sì fara kanra níbẹ̀, nítorí náà ó lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ mi ni mo bá wá."

"Ìyá Haleemah, dìde. Ìtẹ̀síwájú kì í wojú ẹbí."

"Bọ̀dá, láfún yìí náà la jọ jẹ dàgbà. Ìyá yín ló kọ́ ìyá ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń rò ó kó má kó kókó."

Jedidiah wo òkè àjà bí ẹni ń wá Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀. "Ìyá mi kò ní àǹfààní tí èmi ní," ó ní. "Bí wọ́n bá ní fọ́ọ̀kì ni, ìtàn ìbá yàtọ̀."

Sìlífátù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Inú ń bí i, kò sì fi pa mọ́. "Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́ o, Bọ̀dá."

"Òwe ìyẹn kò sí nínú ìlànà wa," ni Alága wí. Abdulbaqi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ọ̀rọ̀ Alága gbọ́ tọkàntọkàn ni ìyàwó rẹ̀, Tẹjúmádé, olùkọ́ tí kì í fi òfin ṣeré. Bó ṣe gbọ́ ti rédíò tán, ó palẹ̀ gbogbo èlùbọ́ láfún inú ilé mọ́, ó pín in fún aládùúgbò. Nígbà tí Jedidiah dé, ewé tútù tí wọn kò sè ló bá lórí tábìlì, pẹ̀lú kùkúmbà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́.

"Dádì Oyíndà, mi ò fẹ́ kí aráyé sọ pé ilé Alága ló kọ́kọ́ rú òfin Alága," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Kí ni kó sọ? Ó yìn ín. Ó ní irú obìnrin báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó jẹ ewé lónìí, ó jẹ ewé lọ́la. Lójúmọmọ, ó ń tọ́ oúnjẹ bíńtín wò káàkiri Òkè-Ìlewó, tí ojú fi ń tì í láti jẹ ẹ́ tán. Bó bá délé, ewé ni. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ dákẹ́ kí oníkálùkù gbàdúrà sínú, ikùn Jedidiah nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tó wà níwájú rẹ̀ rò pé èdè àjèjì ni, ó ní, "Àmín."

Síbẹ̀, ọkùnrin náà kò yẹsẹ̀, nítorí ìdí kan wà. Ìròyìn ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ pé ìjọba fẹ́ dá Àjọ Ìgbafẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n sì ń wá olùdarí tí yóò ní ọkọ̀ aláwọ̀ dúdú àti ọlọ́pàá tí yóò máa lé ènìyàn kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn tó máa yan olùdarí náà ló ń bọ̀ wá wo ìfilọ́lẹ̀ àmì ẹ̀yẹ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìyáàfin Lydia ni aṣáájú wọn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí àwọn aláṣẹ fúnra wọn ṣì ń pè ní "mà" pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Alága wá kéde lórí rédíò bí nǹkan yóò ṣe lọ. "Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, èmi Alága yóò jẹ oúnjẹ ilé oúnjẹ kan tán. Mo ní tán. Ilé oúnjẹ tí àwo mi bá ti mọ́ kedere níṣojú àlejò, ibẹ̀ ni kí ẹ kan àwo wúrà mọ́. Ibẹ̀ ni olórí ilé oúnjẹ Òkè-Ìlewó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé e kúrò níbẹ̀ láéláé. Ẹnu Alága kì í jábọ́."

Ẹ má bẹ̀rù, wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Ilé oúnjẹ Usamah ni àwo wúrà ń lọ, èyí tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí agbáwo ibẹ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Usamah ti ṣèlérí pé ohun tí òun yóò gbé síwájú Alága kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè ṣẹ́kù.

Ọjọ́ náà pé. Alága ní kí wọ́n ta ìbòòrùn dí gbogbo ojú títì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọkọ̀ kankan má baà da ètò rú. Wọ́n kó àga jọ, wọ́n gbé àwo wúrà sórí ìrọ̀rí, Abdulbaqi dì í mú pẹ̀lú ìṣó àti òòlù. Alága mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, gbogbo Òkè-Ìlewó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àlejò kò dé. Ó tún sọ̀rọ̀. Àlejò kò dé. Tẹjúmádé kò sì tíì fún un ní oúnjẹ láàárọ̀, ó ní kó fi àyè sílẹ̀ fún ti Usamah.

Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti fẹ́.

Atẹ́gùn náà gba ẹ̀yìn ilé oúnjẹ Sìlífátù kọjá, ó sì gbé òórùn dé: ilá, irú, ẹja àrọ̀ yíyan, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òórùn láfún gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Ọ̀rọ̀ há sí Alága lẹ́nu. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

"Jẹ́ kí n lọ yẹ ojú ọ̀nà wò," ó ní fún Abdulbaqi.

"Kí n bá yín lọ, sà?"

"Dúró ti wúrà."

Ó gba kọ̀rọ̀, ó yí ẹ̀yìn ilé po, ó fo kòtò kan, ó sì kanlẹ̀kùn ẹ̀yìn Sìlífátù. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyá Haleemah, àyẹ̀wò ìkẹyìn ni mo bá wá," ni Alága wí. Ikùn rẹ̀ sì fohùn sí i.

Sìlífátù yà fún un kó wọlé. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn, aṣọ ìkélé ló pín in níyà pẹ̀lú ibi tí àwọn oníbàárà ń jókòó. Ó gbé tábìlì síbẹ̀, ó gbé omi ìfọwọ́ sí i, ó gbé láfún wá, funfun báláú, tó ń rú èéfín, ó fi abọ́ ọbẹ̀ tì í. Alága fa fọ́ọ̀kì yọ. Ó wo fọ́ọ̀kì, ó wo ilá tó ń fà, ó dá fọ́ọ̀kì padà sínú akọ̀. Ó ju táì sẹ́yìn ọrùn.

"Bọ̀dá," ni Sìlífátù wí nígbà tí òkèlè mélòó kan ti lọ, "ní ìparí oṣù, níbo lẹ fẹ́ kí n gbé ìkòkò yìí lọ?"

"Òfin ni òfin," ni Alága wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Ìyá Haleemah, jọ̀ọ́, bu ọbẹ̀ sí i."

Ó bu sí i. Ọ̀rọ̀ náà dun Sìlífátù, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, omi sì lé sí i lójú.

Nígbà yìí gan-an ni àlejò dé. Ọkọ̀ wọn kò rí ọ̀nà kọjá nítorí ìbòòrùn tí Alága fi dí títì, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Oòrùn mú, orúnkún Ìyáàfin Lydia sì ti ń ro ó láti ilé. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó rí ní ṣíṣí ló yà sí. Ti Sìlífátù ni.

Abdulbaqi sáré dé pẹ̀lú àwo wúrà lábẹ́ abíyá, àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ibí kọ́. Wọ́n ti lé ibí yìí."

"Orúnkún mi kò tíì gbọ́," ni Ìyáàfin Lydia wí. "Níbo ni omi wà?" Ó sì ń bọ̀ tààrà níbi aṣọ ìkélé.

Alága gbọ́ ohùn wọn. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń súnmọ́. Bó bá dákẹ́, bó bá di èémí mú, bó bá tilẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà mu omi rẹ̀ kó sì padà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ àgbà sì ń bọ̀. Ní Kẹ́mta, ọmọ tó bá ń jẹun tí ènìyàn wọlé bá a, tí kò pè é, ìyá Jedidiah á kan án ní ìkó lórí, á sì mú ẹran kúrò níwájú rẹ̀. Ìkó yẹn ti wọ orí lọ láti kékeré, Lọ́ńdọ̀nù kò lè yọ ọ́. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti là, ohùn tí gbogbo Òkè-Ìlewó ti ń gbọ́ láti àárọ̀ sì jáde ketekete:

"Ẹ wá jẹun o."

Ìyáàfin Lydia fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n wo Alága. Ilá ti fà láti ọwọ́ dé ìgunpá. Abọ́ ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Táì onífọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ bí ti òṣìṣẹ́ bánkì.

"Á gba ibi ire o, Ọ̀gbẹ́ni Alága," ni Ìyáàfin Lydia dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí ṣe ń dáhùn.

"Ẹ bá mi re, mà," ni Jedidiah wí, nítorí pé ohun tó kàn láti sọ nìyẹn.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ lórí rédíò pé oúnjẹ yìí ń rùn?"

"Mà, àyẹ̀wò ni mò ń—"

"Ẹ parí àyẹ̀wò yín. A ó dúró."

Wọ́n dúró. Jedidiah wo òkèlè tó kù, ó wo ojú wọn. Kò sí ibi tó fẹ́ gbé e sí ju ẹnu lọ. Ó fi nu abọ́ ọbẹ̀ yíká, ó gbé e mì. Àwo mọ́ kedere.

Ẹ má bínú sí Abdulbaqi. Àṣà ti mọ́ ọn lára. "Ó wọlé!" ló ké.

"Ó wọlé, ó jókòó!" ni àwọn ìgbìmọ̀ dáhùn.

Nígbà náà ni Sìlífátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kí ni Bọ̀dá sọ nípa àwo tó bá mọ́ níṣojú àlejò?"

Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Abdulbaqi wo Alága. Ó wo Ìyáàfin Lydia. Ọlọ́gbọ́n ni, ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí. Ó gbé ìṣó sẹ́nu, ó mú òòlù, ó sì jáde lọ kan àwo wúrà mọ́ ẹnu ọ̀nà Sìlífátù. Ní orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, Usamah gbọ́ ìró òòlù, ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

Ìyáàfin Lydia kò pariwo mọ́ Jedidiah. Ó jókòó, ó béèrè láfún tirẹ̀, ó jẹun. Nígbà tó fọwọ́ tán ló ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, ilé rere ni wọ́n ti tọ́ yín, ó hàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùdarí yẹn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ń gbé ilé kan náà là ń wá." Bí ọkọ̀ dúdú ṣe lọ nìyẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n tú ìgbìmọ̀ ká. Àwọn táì àdìrẹ kò ṣòfò. Àdìrẹ tó nípọn ni, Sìlífátù gbà wọ́n, wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jedidiah wọ ilé lọ, kò jáde fún ìgbà pípẹ́. Ojú tì í, ó sì yẹ kó tì í. Tẹjúmádé gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò bá a jà, ṣùgbọ́n ewé ṣì ni lórí tábìlì, ó ní òun kò tíì gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti yí òfin padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí èrò ti dínkù, Jedidiah wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Sìlífátù. Iwájú ló gbà lọ́tẹ̀ yìí, lábẹ́ àwo wúrà. Kò wọ táì. Àpò àyà rẹ̀ ṣófo. Sìlífátù nìkan ló wà nínú ilé, ó jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán tirẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ti wà lẹ́nu Jedidiah láti ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó dára, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín. Kò rántí ìkankan nínú rẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ Sìlífátù wà nínú àwo. Inú rẹ̀ kò tíì yọ́ sí ọkùnrin náà, kò tíì yọ́ rárá. Ṣùgbọ́n Kẹ́mta náà ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà.

"Ẹ wá jẹun, Bọ̀dá," ó ní.

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi dáhùn ìyẹn. Jedidiah náà mọ̀ ọ́n. Kò sọ ọ́. Ó fa àga jáde, ó jókòó, ó sì na ọwọ́ sí omi ìfọwọ́.